Ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni kó kọ́kọ́ wò

Bí èèyàn bá gba Berger kọjá láàárọ̀, lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì nílùú Èkó, yóò rí i bí àwọn tó ń ta mọ́tò ṣe ń fọ àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá ńlá, tí wọ́n ń nu táyà wọn títí tí yóò fi máa dán bíi bàtà ọjọ́ ọdún. Toyota Tundra, Ford F-150, Chevrolet Silverado àti Dodge Ram wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà dé. "Ọ̀gá mi, ẹ wọlé, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. AC rẹ̀ ń mú bíi yìnyín. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi náà nìyẹn, a ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan." Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí oníbàárà káàbọ̀ nìyẹn.

Oníbàárà yóò wọlé, yóò tan AC, yóò tẹ rédíò, yóò fọwọ́ pa àga aláwọ, yóò ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó parí, ó di pé kí wọ́n máa ná an. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. AC tí kò mú, wọ́n ń tún un ṣe. Ọ̀dà tó ṣí, wọ́n ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ṣáásì tí ìpẹtà ti jẹ tán, ọkọ̀ tí ìkún omi ti mù, àti ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò mọ́, kò sí mẹkáníìkì tó lè sọ wọ́n di ọkọ̀ gidi mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún oníṣòwò kékeré. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ẹni tó ń pín omi inú ọ̀rá, ẹni tó ń kó tòmátì láti ọjà Mile 12, ẹni tó ń kó oúnjẹ adìyẹ lọ sí oko, owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ yìí kì í ṣe owó fàájì. Owó àjọ ni, tàbí owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tàbí owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ọjà. Bí ọkọ̀ bá dákú, ọjà yóò dúró, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní dúró.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ ní ètò. Ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni àkọ́kọ́. Ohun tó ṣeé tún ṣe ṣùgbọ́n tí yóò gbówó ni ìkejì. Ẹwà ni ìkẹyìn.

ẸRÙ MÉLÒÓ LÓ LÈ GBÉ?

Kí oníṣòwò tó jáde nílé rárá, ó yẹ kó mọ ìwọ̀n ẹrù tó ń gbé lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé píkọ́ọ̀pù tó bá ti tóbi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8, yóò gbé ohunkóhun tí wọ́n bá kó sí i lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lára ilẹ̀kùn awakọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, níbi tó máa ń fara hàn tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, bébà kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ, ní kílò àti ní páùn. Bí páùn 1,500 bá ló wà níbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni nǹkan bíi kílò 680. Bí dírẹ́bà àti ọmọ iṣẹ́ kan bá jókòó síwájú, tí àwọn méjèèjì jọ wọn kílò 150, ohun tó kù kò ju kílò 530 lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Èyí fi hàn pé àpò mẹ́wàá ni ọkọ̀ yẹn lè gbé láìṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé ogún àpò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílò ọkọ̀ mìíràn, ìbáà jẹ́ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún ẹrù wíwúwo, irú bíi Ford F-250 tàbí Silverado 2500, ìbáà sì jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Bébà ara ilẹ̀kùn yẹn ni kó gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Bí wọ́n bá ti bó bébà náà, tàbí tí wọ́n ti kùn ún mọ́lẹ̀, ó yẹ kó béèrè ìdí rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà tàbí pé ọkọ̀ náà ti ní ìjàm̀bá rí.

ABẸ́ ỌKỌ̀ NI ÌWÀ RẸ̀ WÀ

Orí irin gbọọrọ méjì tí wọ́n fi irin mìíràn so pọ̀ ni wọ́n gbé àwọn píkọ́ọ̀pù wọ̀nyí kà. Irin yìí ni ṣáásì. Òun ló gbé ẹ́ńjìnnì, òun ló gbé ẹrù, òun náà ni wọ́n de ẹsẹ̀ mọ́. Bó bá ti jẹrà, ọkọ̀ ti tán nìyẹn, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó.

Ohun tó ń ba ṣáásì jẹ́ jù ni iyọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní àríwá Amẹ́ríkà, irú bíi Michigan, Ohio, Pennsylvania àti New York, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí máa ń ta sí abẹ́ ọkọ̀, á sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ lè ní abẹ́ tó ti rún wómúwómú nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Èyí tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Arizona tàbí gúúsù California, níbi tí òjò àti yìnyín ti ṣọ̀wọ́n, máa ń sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àròsọ rárá. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ Toyota pe nǹkan bíi 110,000 Tundra tí wọ́n ṣe láàárín 2000 sí 2003 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ìpẹtà ṣáásì, torí pé táyà àfikún tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè já bọ́ sójú títì, páìpù búréèkì sì lè bàjẹ́. Nígbà tó di ọdún 2016, iléeṣẹ́ kan náà gbà láti yanjú ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè lórí ṣáásì Tacoma ti 2005 sí 2010, Tundra ti 2007 àti 2008, àti Sequoia ti 2005 sí 2008. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Lára àwọn tó gba ṣáásì tuntun wà nínú wọn, àwọn tí kò gbà á náà sì wà. Ẹni tó bá ń ra ọ̀kan lára wọn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, tàbí kí ẹni tó fẹ́ rà á tẹ́ páálí sílẹ̀, kó mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré dání, kó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Kó rọra máa fi òòlù kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dáa máa ń dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún bòbò, ìpẹtà á sì máa já bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo igi. Ibi tí irin ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì, àyíká táyà àfikún, àti òkè ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà ló yẹ kó wò jù. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú irin lásán kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ihò, irin tó ń wó bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àti ojú wẹ́dà tí kò rí bí èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, ìwọ̀nyí ni kí wọ́n sá fún. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ ọkọ̀ ògbólógbòó, kó tún fura sí i.

Ti ara ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí òòfà bá kọ̀ láti lẹ̀ mọ́ apá kan lára irin, ó ṣeé ṣe kí pọ́tì pọ̀ níbẹ̀ nítorí ìjàm̀bá. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Ford F-150 láti ti ọdún 2015 wá. Alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ọn rárá, kì í sì í ṣe gbogbo wẹ́dà àdúgbò ló lè jó o.

NỌ́ŃBÀ TÍ KÌ Í PARỌ́

Gbogbo ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá láti ọdún 1981 ló ní nọ́ńbà ṣáásì tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀, ó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì wà lára ṣáásì fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, láìyọ lẹ́tà kan. Bí ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára irin bá rí bíi pé wọ́n ti fi nǹkan ha á, kí oníbàárà máa lọ sílé rẹ̀.

Ìkẹwàá nínú nọ́ńbà náà ló ń sọ ọdún tí ọkọ̀ jẹ́. 7 dúró fún 2007, 8 fún 2008, 9 fún 2009. Láti 2010 ni ó ti di lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé H tó jẹ́ 2017, J sì ni 2018, torí wọn kì í lo I. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á bá ní ọkọ̀ 2012 ni, tí lẹ́tà ìkẹwàá sì jẹ́ 8, wọ́n kàn fẹ́ fi iwájú tuntun tan oníbàárà jẹ ni.

Nọ́ńbà yìí tún wúlò lọ́nà mìíràn. Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lè fi í wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá iléeṣẹ́ ti pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe. Èyí wúlò fún ọkọ̀ tuntun pàápàá, nítorí lọ́dún 2024 ni Toyota pe nǹkan bíi 102,000 Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023 padà nítorí pàǹtírí irin tó ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnnì wọn. Iléeṣẹ́ bíi Carfax náà máa ń ta ìtàn ọkọ̀: ìjàm̀bá tó ní, ìpínlẹ̀ tó ti lò, àti iye máìlì tó wà lójú rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lè ní kí wọ́n bá òun wò ó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀.

ỌKỌ̀ TÍ OMI TI MÙ

Nígbà tí ìjì Katrina jà lọ́dún 2005, tí Sandy jà lọ́dún 2012, tí Harvey kún Houston lọ́dún 2017, tí Ian sì jà ní Florida lọ́dún 2022, àìmọye ọkọ̀ ló wọ inú omi. Iléeṣẹ́ adójútòfò á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á kọ "salvage" sí ìwé ọkọ̀ náà, wọ́n á sì gbé e lọ sí ibi gbàǹjo. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Owó rẹ̀ máa ń rọjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé Èkó, owó ọkọ̀ tó dáa ni wọ́n máa ń pè é.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí wáyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ kò tàn. Lọ́la, kò fẹ́ sítáàtì. Réwáyà á jẹun lórí rẹ̀ títí. Kí ẹni tó fẹ́ rà á fa bẹ́líìtì àga jáde dé òpin, kó wò ó bóyá àmì ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Kó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kó wo ìdí bóòtù tó de àga mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Kó wo inú iná iwájú bóyá omi ti gbẹ síbẹ̀. Bí òórùn lọ́fíńdà bá gba inú ọkọ̀ kan lọ́sàn-án gangan, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fi bò.

Ẹ́ŃJÌNNÌ ÀTI JÍÀ

Lẹ́yìn tí àwọn ohun tí kò ṣeé tún ṣe bá ti yege ni ó kan ẹ́ńjìnnì. Kí oníbàárà rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí òun dé. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná, wọ́n ti mú un gbóná dè é nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé kì í sítáàtì dáadáa láàárọ̀. Bí wọ́n bá tan án, kó wo èéfín rẹ̀. Aláwọ̀ búlúù ń jẹ ọ́ìlì. Funfun tí kò tán bọ̀rọ̀ ń jẹ omi. Dúdú ń jẹ epo jù. Kó fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde: bó bá funfun bí ògì tí wọ́n pò, omi ti wọ inú ọ́ìlì.

Iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti sítáàtì. Bí kò bá tàn rárá, àwọn kan ti yọ ọ́ kúrò. Síkánà ló máa tú àṣírí rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ló sì ní ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀.

Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní àléébù tirẹ̀. Ford F-150 ti 2004 sí 2008 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 5.4 alábala mẹ́ta, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú u, ó sì máa ń dún tàkàtàkà tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti burú. Mẹkáníìkì tí kò mọ èyí lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti jíà, kó wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó gba ibi tó ga, kó dúró, kó tún gbéra, kó sì lo ìpadà sẹ́yìn. Jíà tó ń já, tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé, ti ń ṣàárẹ̀. Ọ́ìlì jíà tó dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ẹ̀rí mìíràn nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́, orí ilẹ̀ tàbí yanrìn ni kó ti dán an wò, kì í ṣe orí ọ̀dà gbígbẹ.

Máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan kò tó gbà gbọ́. Bó bá kọ máìlì 60,000, tí rọ́bà ibi tí wọ́n ń tẹ búréèkì ti jẹ tán, tí sítíárìn ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, wọ́n ti dá a padà sẹ́yìn. Lára táyà náà, òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́tà DOT ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà lè ní eyín púpọ̀ síbẹ̀ kó ti gbó.

ÌWÉ ÀTI OWÓ EPO

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gba inú igbó wọlé láti Kútọnu lè bọ́ sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù nígbàkúùgbà, ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò pàdánù. Oníbàárà gbọ́dọ̀ gba ojúlówó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rísíìtì owó tí wọ́n san, kó sì ní kí ajẹ́ńtì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà ni, orúkọ inú ìwé gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó ń tà á mu, kí wọ́n sì yí i sí orúkọ ẹni tó rà á ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ìpínlẹ̀ náà.

Ti epo náà ń bẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni V8 ti di ọ̀rọ̀ ìṣirò. Tundra tó ní ẹ́ńjìnnì 5.7 máa ń jẹ nǹkan bíi lítà 18 fún kìlómítà 100 nínú ìlú. Ẹni tó ń rin kìlómítà 60 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, yóò lo nǹkan bíi lítà 280. Kó fi iye lítà kan ládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kó fi wé èrè oṣù kan, kó tó sọ pé òun ti rí ọkọ̀. Kó tún pe Ládípọ̀ ní Muṣin, kó béèrè iye tí jíà àti iná iwájú irú ọkọ̀ náà ń lọ.

MẸKÁNÍÌKÌ TA NI?

Ohun kan tó kù ni ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tó jẹ́ pé bí ọjà bá ṣẹ, ẹni tó ta ọkọ̀ yóò fún wọn ní nǹkan. Irú wọn kì í rí àléébù. Kí oníṣòwò mú mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kó sì bá a ṣàdéhùn owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú, pé òun yóò san án bí òun bá ra ọkọ̀, òun yóò sì san án bí òun kò bá rà á. Owó kékeré yẹn ló máa ń tú ahọ́n mẹkáníìkì sílẹ̀ láti sọ pé, "Alhaji, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bí wọ́n bá rí àléébù tó ṣeé tún ṣe, òun ni kí wọ́n fi ná ọkọ̀ náà wálẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé tún ṣe ni, kò sí iye tó kéré jù. Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Ẹni tó padà sílé pẹ̀lú owó rẹ̀ lápò ṣì ní okòwò, ọkọ̀ mìíràn yóò sì tún sọ̀ ní èbúté lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.